Ìfẹ́ àwọn èèyàn wa ló ń ba ìpinnu ọdún tuntun jẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ọdún tuntun yìí kí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ tó parí mọ́ wa lọ́wọ́. Lásìkò báyìí, ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn máa ń pè wá. Wọ́n á ní a ò ní ìfaradà, wọ́n á ní ẹnu lásán la ní. Èmi ò gbà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo mọ télọ̀ tó ń fi gbogbo òru ọdún ránṣọ àńkò, mo mọ tíṣà tó ń kọ́ni láàárọ̀ tó tún ń tajà nírọ̀lẹ́. Ta ló fẹ́ pe àwọn yẹn lọ́lẹ? Síbẹ̀, wọ́n pinnu lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun, wọ́n tún sọ ọ́ létí ìjọ, àmọ́ kí Èrèlé tó dé, ọ̀rọ̀ ti di “ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná.” Lójú tèmi, ìfẹ́ tí àwọn èèyàn ní sí wa ló ń dá wa padà.

Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Tákíè lọ sí Sábó láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ wọ kánfáàsì, kí ẹ máa sáré rìn. Ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà tó mọ̀ yín á fi dúró. “Ìyá Ayọ̀, ẹ gùn ún ká lọ, ẹ má sanwó.” Ẹ ní rárá, ẹ ṣeun, ẹ ń ṣeré ìdárayá ni. Á wò yín lókè, á wò yín nílẹ̀. “Ṣé kò sí nǹkan o?” Kò ní pẹ́ tí bàbá kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín náà á fi rọra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, gíláàsì mọ́tò á wálẹ̀: “Ẹ wọlé jàre. Ṣé mọ́tò yín ti bàjẹ́ ni?” Ta ló láyà láti jẹ́ kí àgbà dúró dè é lẹ́bàá títì, kó wá sọ pé òun ò wọlé? Ẹ ó wọlé. Ẹ ó tún dúpẹ́. Ó parí lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí nílùú tiwa, ẹni tí kò bá rówó ọ̀kadà ni wọ́n mọ̀ pó ń fẹsẹ̀ rìn. Àánú ló ń ṣe wọ́n. Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan ṣá: ẹni kan ṣoṣo tó ń rìn ni wọ́n ń ṣàánú. Bí ẹ bá ti di méjì, tí ẹ̀yin méjèèjì wọ kánfáàsì, tí ẹ ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, kíá ni wọ́n á mọ̀ pé eré ìdárayá ni. Wọ́n á kàn kí yín pé ẹ kú iṣẹ́ ara, wọ́n á sì kọjá. Obìnrin tó ń ta ike ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo fà mọ́ra. A kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kú àárọ̀ ẹ kú ọ̀sán náà ni. Àmọ́ bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mi ò sì ní lè sọ pé ó rẹ̀ mí.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ, kí ẹ má rò pé mo ṣì í kọ. Ẹni tó ní dandan ni kéèyàn jí ní aago márùn-ún kò tíì rí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa lóṣù yìí kó tó sún mọ́ aago méje, eruku á bo gbogbo títì, ètè á là. Ẹni tó ní ikọ́ ségesège kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ wéwu nítorí fọ́tò orí Facebook.

Ti oúnjẹ ló wá le jù. Mo lọ kí ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ kan, mo ti pinnu pé oúnjẹ díẹ̀ ni mà á máa jẹ. Màámi ti ro àmàlà láfún kalẹ̀, funfun báláú, ó ń dán, ẹyọ mẹ́ta ràgàjì nínú abọ́, ilá àti ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹyọ kan á tó mi.” Wọ́n gbé ojú sókè. “Ẹyọ kan? Ta ló ṣẹ̀ ọ́?” Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fẹ́ mi bí mo ṣe ń jẹun. Ẹ sọ fún mi, ta ni wọ́n ń fẹ́ láfẹ́fẹ́ tó máa ní òun ti yó?

Bí ìpinnu yẹn bá wá fẹ́ yọrí sí rere, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi díẹ̀, ni àwọn ará ọjà bá bẹ̀rẹ̀: “Ó mà ti rù! Ṣé ara yá?” Àwọn mìíràn ò bi mí, ọkọ mi ni wọ́n lọ bá pé kó tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi o, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ ní kí n jọ̀wọ́ fi í mọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ti ń wo òun bí ahun.

Mi ò bá àwọn àgbà jà lórí èyí. Àwọn tó bí wa mọ ìgbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá rù, ebi ló ń pa á tàbí ikọ́ ìfe ló ń ṣe é. Nígbà tí àrùn éèdì tún dé, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti wọlé, wọ́n á ti máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù tó bá wọn nígbà yẹn ni wọ́n ń fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa. Títí dòní, ẹni tó bá ń rù láìgbìyànjú rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, tí gbogbo ọjà ń kí i pé ìgbádùn ti ń hàn lára rẹ̀. Àwa tí à ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọ là ń rán kó bá wa gbé omi, kò yẹ ká dúró dìgbà tí a bá ṣubú lulẹ̀.

Ohun tí wọ́n sì ní ká ṣe kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń ta oògùn sísun ọ̀rá ṣe ń sọ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ti tó fún àgbàlagbà tó bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, kó sì fi ọjọ́ méjì ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára. Ìṣẹ́jú 30 ni lọ́jọ́ kan, fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n tún ti yọ òfin àtijọ́ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kó tó wúlò, díẹ̀díẹ̀ náà wọ inú àpò. Ti ìṣísẹ̀ 10,000 tí gbogbo ayé ń pariwo, ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó ń ta ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ ló gbé e jáde ní 1965, wọ́n fẹ́ tajà ni. Nígbà tí wọ́n wá ṣèwádìí lórí àwọn ìyá àgbà ní Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 2019, àwọn tó ń rin bí 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin bí 2,700, tó bá sì ti tó bí 7,500, àǹfààní rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i mọ́. Ẹni tó ti sanwó jíìmù ọdún kan gbáko pẹ̀lú owó ilé ìwé ọmọ, kí Ọlọ́run bá a ṣe é.

Èyí tó tù mí nínú jù ni ìwádìí kan tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lórí bí ìṣe tuntun ṣe ń mọ́ni lára. Ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó wà láàárín gbùngbùn wọn, ẹlòmíì 18, ẹlòmíì á tó 254. Ẹ ka 66 láti ọjọ́ ọdún tuntun, inú Ẹrẹ́nà ló bọ́ sí. A ò tíì dé ìdajì tí à ń bú ara wa! Wọ́n tún rí i pé bí èèyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, bí bàbá ṣọ́ọ̀ṣì bá fi mọ́tò gbé yín lónìí, ẹ wọlé, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ jáde lọ́la.

Àwọn kan ní kéèyàn má sọ ìpinnu rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí aráyé má bàa bà á jẹ́. Ti ilé kíkọ́ ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jiyàn. Ti eré ìdárayá, ẹni tí ò mọ̀ ló ń ba tiwa jẹ́. Mo jókòó ti ìyá ọkọ mi, mo ní dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ga díẹ̀, rírìn ni wọ́n ní kí n máa rìn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, ẹsẹ̀ làwọn fi ń lọ oko tí àwọn fi ń bọ̀, tòun ti ẹrù lórí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, lẹ́yìn ẹ kúulé, ohun tí wọ́n ń bi mí ni, “Ìyàwó mi, ṣé o rìn lónìí?” Mi ò lè parọ́ fún wọn.

Ìnáwó Sátidé nìkan ni mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí. Ẹni tó gbé ìrẹsì wá síwájú yín mọ orúkọ yín, ó ti fi ẹran kún un, ó tún di ọ̀kan sínú ọ̀rá pé kí ẹ gbé e lọ fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ á dé etí olóde kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Ẹ̀yin tí ẹ ti borí ìyẹn, ọ̀rọ̀ wo lẹ máa ń sọ tí inú ò fi í bí wọn?