"Reduce" nìkan kọ́ ni dín kù

Lẹ́tà tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ ló mú mi kọ èyí. Ojú ìwé kan péré ni. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá nà án sí mi: "Àbúrò, bá mi wò ó, kí ni wọ́n ń sọ gan-an?" Mo rí "streamline", mo rí "rightsizing", mo rí "let you go" nísàlẹ̀ pátápátá. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gbangba pé àwọn dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnu èmi àbúrò ló ti wá gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo gbà á síṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. "Streamline" ni ipa tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń tọ̀ kọjá lára nǹkan. Ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣe ní ṣóńṣó kí atẹ́gùn má bàa bá a jà, òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. "Downsize", dín iye kù, tí wọ́n pọ́n lé tó di "rightsizing" inú lẹ́tà yẹn ńkọ́? Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ọ́ sí ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí epo di ọ̀wọ́n, tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kéékèèké. Kò pẹ́ tó fi kúrò lára mọ́tò bọ́ sára òṣìṣẹ́. Mọ́tò tí wọ́n dín kù kì í délé lọ ṣàlàyé fún ìyàwó àti ọmọ.

Àwa tí a ń fi Yorùbá ronú ká tó kọ Gẹ̀ẹ́sì, "reduce" la máa ń sáré mú ní gbogbo ìgbà. Ó dáa, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún dídín nǹkan kù àti ṣíṣọ́ owó ná pọ̀, ìdájọ́ sì ti wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ẹni tó ń kà á tó dé ìparí gbólóhùn. Ẹ pe ẹnì kan ní "thrifty", ẹ ti yìn ín. Ẹ pè é ní "stingy", ẹ ti ní ó háwọ́. "Mean" tí àwọn ará Bìrìtìkó ń lò àti "cheap" ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èébú ni méjèèjì. "Miser" ni ahun paraku. Nínú èdè Látìn tí wọ́n ti mú un, ẹni tí ìyà ń jẹ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

"Thrift" ni mo fẹ́ràn jù. Òun àti "thrive" jọ wá látinú èdè àwọn ará Àríwá Yúróòpù tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ìgbèrú ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. "Frugal" tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ owó ná náà, èso ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ wá wo "ìṣúná" tiwa: "ná" wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń ṣúnná ń ná owó, ìwọ̀n ló ń tẹ̀ lé. Ahun kì í ná rárá.

Nítorí náà ni inú fi ń bí mi tí ìjọba kan bá gé owó ilé ìwòsàn tó sì pè é ní "thrift". "Austerity" lorúkọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ohun tó korò, tó ń gbẹ ahọ́n, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ní 2010, òun ni àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Merriam-Webster mú ní ọ̀rọ̀ ọdún.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Tí wọ́n bá "reduce" 100 "by" 20, 80 ló kù. Tó bá jẹ́ "to" 20, 20 ló kù. Tí dókítà bá ní kí ẹ "cut down on" ṣúgà, ẹ dín in kù. Tó bá ní "cut out", ẹ má fẹnu kàn án mọ́. Mo ti rí ẹni tó gbọ́ èkejì, tó ṣe àkọ́kọ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kọ èsì lẹ́tà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti tẹ "since you let me go" sórí kọ̀ǹpútà kó tó ní kí n pa á rẹ́. "You ended my job" ló ní kí n fi sí i. Ó ní òun ò fìgbà kan bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jẹ́ kí òun lọ.