Òfin Amẹ́ríkà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mutí

Nínú The Simpsons, eré kátúùnù Amẹ́ríkà kan, apá kan tó jáde ní 1997, wọ́n rí òfin àtijọ́ kan ní Springfield, ìlú inú eré náà, tó ka ọtí léèwọ̀. Homer, olórí eré náà, wá ń fi bíà pamọ́ sínú bọ́ọ̀lù bowling, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé ọtí Moe. Rex Banner, agbófinró tí wọ́n fi ṣe àwòkọ Eliot Ness, agbófinró Amẹ́ríkà tó gbógun ti àwọn olọ́tí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́un, ń lé wọn kiri. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an. Àmọ́ irú eré báyìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé láyé ọjọ́un tí wọ́n ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá bá ife ọtí lọ́wọ́ èèyàn, ó dẹ̀wọ̀n nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àtúnṣe Kejìdínlógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tó múlẹ̀ ní January 17, 1920, ka pípọn ọtí, títà á, gbígbé e kiri, kíkó o wọ̀lú àti kíkó o jáde léèwọ̀. Ẹ tún un kà: mímu ò sí níbẹ̀. Òfin Volstead gan-an, tó la ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, gbà kí èèyàn máa mu ọtí tó ti rà sílẹ̀ kí òfin tó dé, nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú ará ilé àti àlejò. Àlùfáà ń rí wáìnì ìsìn rà. Dókítà lè kọ wisikí fún aláìsàn, kó lọ rà á nílé ìtajà oògùn. (Lóòótọ́, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan le ju èyí lọ.)

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Olówó ti ra ọtí kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kí January yẹn tó pé, kò sì rú òfin kankan. Tálákà tí kò lówó àtirà pamọ́ ló ń mu ohun tí kò mọ orísun rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kọ̀rọ̀ ń jí sípíríìtì ilé iṣẹ́ sọ di ọtí. Nígbà tó sì máa fi di 1927, ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi májèlé kún sípíríìtì náà sí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ń mu ún. Àwọn kan fọ́jú, àwọn kan kú. N kò rí ìyẹn nínú eré náà.

Nínú eré, akọ̀wé kan kàn ṣàdédé rí i pé wọ́n ti fagi lé òfin náà tipẹ́tipẹ́, ó parí. Ní Amẹ́ríkà, ó di December 5, 1933, kí Àtúnṣe Kọkànlélógún tó pa á rẹ́. Ìpínlẹ̀ Mississippi ò fi òfin tirẹ̀ sílẹ̀ títí di 1966.