Singapore kò fi owó ìbọn ṣe títì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí àwa ọmọ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ìlú tó dára. Wọ́n á ní Singapore kò lọ́tàá, kì í náwó sórí ogun, owó tí àwọn ẹlòmíì fi ń ra ìbọn ni wọ́n fi ṣe títì àti rélùwéè. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú ló ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú ìṣúná ọdún 2024, ó lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là Singapore tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò ààbò. Láti ọdún 1967 ni òfin ti ń mú àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun, ọdún méjì gbáko sì ni lónìí. Ẹ rántí pé ilẹ̀ tó ń ṣe gbogbo èyí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Ẹ̀rù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò lára Malaysia lóṣù kẹjọ ọdún 1965, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń ṣọ́ wọn. Nígbà tó di 1968, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ń kó ogun àwọn lọ sílé. Lee Kuan Yew, olórí ìjọba Singapore nígbà náà, ti sọ ṣáájú ìgbà yẹn pé níbi tí ẹja ńlá ti ń jẹ ẹja kékeré, edé olóró ló yẹ kí Singapore jẹ́. Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn: abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn náà nìyí. Ní 1967, wọ́n dá Chartered Industries of Singapore sílẹ̀ kó máa rọ ọta ìbọn. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé rírọ owó ẹyọ lé lọ́wọ́. Owó tí ìyá fi ra ẹja lọ́jà àti ọta tí ọmọ rẹ̀ yìn ní bárékè, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ni méjèèjì ti wá. Ẹni tó bá mọ Ògún, èyí kò lè yà á lẹ́nu. Ibi tí wọ́n ti ń rọ idà náà ni wọ́n ti ń rọ ọkọ́.

Ìdílé ilé iṣẹ́ yẹn ló wá di ST Engineering ní 1997. Ó ń ṣe ìbọn àti mọ́tò ogun, ó sì ń ṣe ilẹ̀kùn tó ń dáàbò bo èèyàn létí ojú irin. Ní 2022 ó ra TransCore, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá wọ àárín Manhattan ní New York.

Àwọn ilé àti títì wọn gan-an ń bá ogun mulẹ̀. Láti 1998, òfin ní kí ilé tuntun ní yàrá kan tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, tí ìdílé lè sá sí bí bọ́ǹbù bá dé. Bàtà àti ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó síbẹ̀ báyìí. Àwọn ibùdó rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ kan náà wà tí wọ́n kọ́ fún irú ìsádi bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé ká lọ fara wé e. Ọdún méjì nínú ìgbà èwe kì í ṣe ohun kékeré, ẹ̀rù tó sì lé wọn kì í ṣe tiwa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi Singapore ṣe ẹ̀rí pé ìlú tí kò náwó sórí ogun ló ń ní títì.

Lim Chu Kang Road, títì kan ní Singapore, ni kí wọ́n lọ wò. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ hú òpó iná, wọ́n tú ibi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n gbá ojú títì náà mọ́ tónítóní, bàálù ogun sì bà lé e. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀, mọ́tò sì ń kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀.