Ẹ̀yìn Funfun Yìí Fẹ́ẹ́ Pa Mí

Ẹ̀yin onífótò Àbújá, ta ni nínú yín tí ẹ̀yìn funfun, ibi funfun tó máa ń wà lẹ́yìn ohun tí à ń yà, ò tíì fojú rẹ̀ rí màbo? Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni mo ṣì wà nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí ẹ̀yìn tó funfun báláú lójú mi lọ́sàn-án, tó wá di àwọ̀ eérú lálẹ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni o, àmọ́ ó ti sú mi.

Bàtà ọmọ ọwọ́ ni iṣẹ́ náà. Ìyá kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé e wá láti Gwarinpa sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa, oríṣi 18, mẹ́sàn-án nínú wọn sì jẹ́ awọ funfun. Bàtà funfun lórí ẹ̀yìn funfun! Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ohun tí ojú mi rí.

Mi ò ṣe é ní gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi. Mo gé bébà ẹ̀yìn tuntun lára róòlù, torí eruku pupa Kubwa ti ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́, iye tí wọ́n sì ń ta róòlù kan báyìí, kí Ọlọ́run ṣàánú wa. Mo gbé fíláàṣì méjì dojú kọ ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, mo gbé ẹ̀kẹta sórí bàtà. Mo fi mítà wọn ìmọ́lẹ̀: iwájú f/8, ẹ̀yìn f/11. Stop kan géérégé, ìyẹn ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀, ni ẹ̀yìn fi ju iwájú lọ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ya ẹyọ kan, mo wo sikíríìnì kámẹ́rà. Gbogbo ibi tó yí bàtà ká ń ṣẹ́jú, dúdú, funfun, dúdú, funfun, tó fi hàn pé ibẹ̀ ti kún dẹ́nu, pé funfun ni, kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ya 200 ó lé.

Nígbà tó di alẹ́, mo fi fótò bàtà mẹ́fà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìyá náà. Kò pẹ́, èsì dé: “Brọ̀dá, ẹ má bínú o, àwọn fótò yìí dọ̀tí.”

Dọ̀tí! Ó ya ojú ewé tó ti ń tajà ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó. Ojú ewé funfun nini, fótò tèmi wá jókòó sáàárín rẹ̀ bí bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń hàn ketekete. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn.

Mo padà sídìí raw, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, mo gbé máòsì sórí ẹ̀yìn láti ka nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. 244, 245, 238. Ní igun, 229, torí lẹ́ǹsì mi a máa ṣú ní igun. 238 tó kẹ́yìn yẹn, àwọ̀ ògiri ni. Ọ̀dà aláwọ̀ kírímù ni lándílọ́ọ̀dù fi kun ṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á dà, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ ta padà sórí bébà mi. 255 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni funfun. Èyí tí kò bá pé 255, ojú ewé á tú u fó.

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Kámẹ́rà ló purọ́ fún mi. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, JPEG, fótò kékeré tí kámẹ́rà ti ṣe tán fúnra rẹ̀, ló ń kà, kì í ka raw rárá. JPEG ti kún dẹ́nu, raw ṣì ní àyè lókè. Èmi tí mò ń ya raw látàárọ̀ dalẹ́, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fi hàn mí!

Ẹ ó ní kí n fa Exposure, èyí tó ń mú gbogbo fótò mọ́lẹ̀, sókè. Mo fà á. Kí ẹ̀yìn tó dé 250, imú bàtà funfun ti ń yọ́ mọ́ bébà bí iyọ̀ nínú omi, ojú rírán tó wà létí rẹ̀ ti pòórá. Mo fa Highlights, ti ibi tó mọ́lẹ̀ jù, wálẹ̀ kí bàtà lè padà, eérú náà padà. Mo ní kí sọ́fítíwíà yan ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó gé okùn bàtà dànù, ó sì fi ihò tóóró tó wà láàárín okùn àti awọ sílẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Mo wá ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò kan lẹ́yìn òmíràn, lórí bàtà tí kò gùn tó ìka mi. Aago kan òru, wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú epo tí mo fi pamọ́ fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì.

Àwọn tó ń kọ́ni lórí fídíò á ní kí o gbé ohun tí ò ń yà jìnnà sí ẹ̀yìn ní mítà méjì. Ṣọ́ọ̀bù mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10! Ṣé inú gọ́tà ni kí n ti máa ya fótò? Bí mo bá sì fi kún iná ẹ̀yìn, ìmọ́lẹ̀ á kọlu lẹ́ǹsì, bàtà á ṣá bí ohun tí ọyẹ́ bò.

Àwọn oníbàárà pásípọ́ọ̀tù náà ńkọ́? Fún físà Amẹ́ríkà, ínṣì 2 sí 2, ẹ̀yìn funfun tàbí èyí tó súnmọ́ funfun, wọn ò sì fẹ́ kí a fi sọ́fítíwíà tún un ṣe. Síbẹ̀ èèyàn á jókòó ti ògiri gbágbá, á ní, “Ẹ sáà bá mi kùn ún funfun.”

Ìyá Gwarinpa náà wá fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé àbúrò òun ní áàpù kan lórí fóònù tó ń yọ ẹ̀yìn kúrò kíá, ṣé kí òun gbé e fún un. Mà, áàpù yẹn á gé okùn bàtà yín dànù! Òru ni mo fi ń dáàbò bo okùn yẹn!

Ẹ̀yin tó ń ṣe kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kí iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ka raw. Raw ni kó kà. Ẹ ṣe é lọ́dún yìí. Bàtà 12 ṣì wà nílẹ̀ níwájú mi.