Ẹ kọ́ èèyàn kí ẹ tó kọ́lé: ọ̀rọ̀ àtọ̀ ẹranko ìgbẹ́ tó ń parun

Erin tó kù nínú igbó Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò pọ̀ mọ́. Ìnàkí tó kù nílẹ̀ Yorùbá kò tó nǹkan. Àkíkà, tí àwọn bàbá wa máa ń ṣalábàápàdé lóko láìwá a, ti di ohun tí wọ́n ń di ìpẹ́ rẹ̀ sápò gbé lọ sí Éṣíà. Bí akọ kan nínú wọn bá kú lónìí, gbogbo ọmọ tó ṣì lè bí bá a lọ sínú ilẹ̀ tàbí sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé ó yẹ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú yunifásítì rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo níbí, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa gba àtọ̀ ẹranko ìgbẹ́ tó ń parun, tí yóò máa fi í pamọ́ sínú òtútù, tí yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un yọ́ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n owó àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ lọ sórí ilé. Orí àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò fọwọ́ kan àtọ̀ náà ni kó lọ.

Ẹni tó bá rò pé àlá ni, kó gbọ́ èyí. Lọ́dún 2013, erin kan bímọ ní ọgbà ẹranko Schönbrunn nílùú Vienna. Akọ tó ni oyún náà kò fojú kan ìyá ọmọ rí. Erin ìgbẹ́ ni, South Africa ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba àtọ̀ rẹ̀, tí wọ́n dì í, tí wọ́n sì gbé e sọdá òkun. Ní Amẹ́ríkà, ẹranko kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní black-footed ferret. Ìgbà kan wà tí kò ku ẹyọ kan nínú igbó. Ara ẹyọ 7 péré ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà láyé lónìí ti ṣẹ̀. Àtọ̀ akọ wọn tó ti wà nínú òtútù fún nǹkan bí 20 ọdún ti di ọmọ. Ní Kẹ́ńyà ẹ̀wẹ̀, Sudan, tó jẹ́ akọ tó kẹ́yìn nínú àgbáńréré funfun ti àríwá, kú lóṣù kẹta ọdún 2018. Abo méjì ló ṣẹ́kù, Najin àti Fatu. Àtọ̀ tí wọ́n ti dì sílẹ̀ kí àwọn akọ tó tán ni ìrètí ìran wọn rọ̀ mọ́ báyìí. Àwọn tó dì í kò dúró dìgbà tó ku ẹyọ kan.

Dídì náà kọ́ ló le jù. Láti ọdún 1949, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Polge, Smith àti Parkes ti rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá po gílísẹ́róòlù, omi kan tó ki, mọ́ àtọ̀, òtútù kì í pa gbogbo rẹ̀, ọ̀nà ti là. Ẹni tó bá ti gbé tòmátì tútù sí fírísà rí mọ ohun tí gílísẹ́róòlù ń dènà: bí tòmátì náà bá yọ́, omi ni yóò máa ṣe, torí yìnyín ti fa inú rẹ̀ ya. Nínú nítírójìn olómi, tó tutù dé -196°C, àtọ̀ tí wọ́n dì dáadáa lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́.

Inú ọ̀pá ike tín-ín-rín kan, tó lè má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílílítà lọ, ni wọ́n ń di àtọ̀ sí. Bí ẹni tó ń mú un jáde bá jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu àgbá nítírójìn, yìnyín á tún ara rẹ̀ kó jọ nínú rẹ̀, á sì pa á kó tó débi omi. Omi tó lọ́ wọ́rọ́wọ́, 37°C, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, ni ọ̀pọ̀ lábù ń lò láti mú un yọ́. Kí wọ́n tó gé ọ̀pá náà, wọ́n ní láti nù ún gbẹ, torí ẹ̀kán omi lásán tó bá kán sí i tó láti pa àtọ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ da omi tí wọ́n fi ń ṣan gílísẹ́róòlù kúrò lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì bẹ́. Ẹ̀rọ tí ń yí i bíríbírí láti yọ ọ́ kúrò lára pupa ẹyin adìẹ àti mílíìkì tí wọ́n pò mọ́ ọn láti dáàbò bò ó nínú òtútù gbọ́dọ̀ máa yí níwọ̀nba. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó wọ́pọ̀ kí ìdajì ti kú. Èyí tó bá sì ti yọ́, kò ṣeé dì padà kó tún wúlò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ wò lára rẹ̀ ló tún ń sọ bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni, gíláàsì abẹ́ máíkírósíkóòpù gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́rọ́wọ́, torí àtọ̀ alààyè tí òtútù mú á dúró sójú kan, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti kú. Bó bá jẹ́ kíka òkú àti alààyè ni, aró eosin ni: ó ń wọ inú èyí tó ti kú, alààyè kì í gbà á wọlé. DNA, tó ń gbé àbùdá ìran, ńkọ́? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà kan náà kó má rí ohun gidi mú jáde, torí pírótéènì inú orí àtọ̀ di DNA mọ́ra ṣinṣin. Ó nílò kẹ́míkà bíi DTT tí yóò tú ìdè náà. Ẹranko kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àtọ̀ màlúù ń fara da òtútù ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ti ìnàkí máa ń dì gbagidi kété tó bá jáde, wọ́n ní láti ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú òtútù rárá.

Ẹ wo iye ibi tí ọwọ́ aláìmọṣẹ́ ti lè fi ìṣẹ́jú kan ba ohun tí igbó kò ní bí mọ́ jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè yìí, a ti rí ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí gómìnà gé rìbọ́nù rẹ̀, tí eruku sì bò ó nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. A kò fẹ́ irú rẹ̀ níbí. Àwọn tó lè kọ́ni kò jìnnà. Àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀ èèyàn ní ilé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹran ní yunifásítì rẹ̀, ó sì ní NACGRAB, ibi tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ìpamọ́ irúgbìn àti ẹ̀dá alààyè. Kí àwọn ọmọ wa fi àtọ̀ màlúù àti òbúkọ kọ́ ọwọ́ títí yóò fi mọ́ wọn lára, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti erin. Àwọn àgbẹ̀ Èjìgbò àti àwọn Fúlàní tó ń sin màlúù á ti máa jàǹfààní ẹ̀kọ́ náà kí erin tó dé rárá.

Wọ́n á ní iná kò sí. Òṣogbo yìí ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, ó sì ń dun ọmọ ìlú pé òkùnkùn ṣì ń kùn wá. Ṣùgbọ́n àwáwí ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbá nítírójìn kò nílò iná. Ohun tó nílò ni ẹni tí yóò máa wọn omi inú rẹ̀ ní àkókò, tí yóò sì bu kún un kó tó gbẹ, títí kan ìgbà ìyanṣẹ́lódì àti ọdún iléyá.

Níbo ni àtọ̀ yóò ti wá? Fífún ẹranko alààyè ní oògùn oorun láti gbà á jẹ́ iṣẹ́ dókítà ẹran nìkan, kò sì ní wáyé lójoojúmọ́. Èyí tí a ń sọ nù jù ni ti àwọn tó ti kú: èyí tí ọkọ̀ pa, èyí tí àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, èyí tó kú ní ọgbà ẹranko. Àtọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kórópọ̀n ẹranko kì í bá a kú lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tètè gé e, tí wọ́n gbé e sínú kúlà, tí wọn kò jẹ́ kó kan yìnyín, wákàtí díẹ̀ ṣì wà láti gbé e dé lábù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti ẹgbẹ́ ọdẹ ló yẹ kí wọ́n kọ́ ní èyí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún ọdẹ lórí òkú ẹran. Ọjọ́ tí a bá sanwó ni a ti fi owó ra ìbọn fún un.

Igbó òrìṣà Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo níbí yàtọ̀. Òfin ibẹ̀ pé kí a má ṣọdẹ, kí a má pẹja, ti wà kí UNESCO tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005, òun ló sì jẹ́ kí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ṣì máa rìn gbẹ̀fẹ́ lónìí. A kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹran ibẹ̀ láìjẹ́ pé Àtáọja àti àwọn olùsìn Ọ̀ṣun gbọ́, tí wọ́n sì gbà. Ìyá olómọyọyọ ni ìlú yìí ń sìn. A kò gbà pé iṣẹ́ tó ń wá ọmọ fún ẹranko aláìlọ́mọ ta ko ìyá náà, àmọ́ àwọn tó ń sìn ín ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé kì í ṣe igbó ló yẹ ká kọ́kọ́ dáàbò bò. Òótọ́ ni, a kò sì ní bá wọn jiyàn. Àtọ̀ inú àgbá kò lè jẹ ewé, kò sì ní ibi tí yóò gbé bí igi bá tán. Bí ìjọba bá fi iṣẹ́ yìí bojú láti ta igbó fún agégi, àwa la ó kọ́kọ́ pariwo. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Igi tí a bá gbìn lónìí yóò dàgbà, ìnàkí tó bá tán kò ní hù.

Nítorí náà, kí ìjọba Ọ̀ṣun fi owó ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti owó nítírójìn sínú ètò ìsúná tó ń bọ̀. Kí wọ́n ní ìbọ̀wọ́, awò ààbò àti yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́, torí nítírójìn tó bá kún yàrá tó sé ń pa èèyàn, àtọ̀ ìnàkí sì lè gbé àrùn. Bí wọ́n bá ní láti fi àtọ̀ kankan ránṣẹ́ sókè òkun fún àyẹ̀wò, kí ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí gbígbé ẹ̀dá tó ń parun kọjá ààlà, wà, kí àdéhùn tó bá ìlànà Nagoya, ìlànà àgbáyé lórí pípín èrè ohun alààyè orílẹ̀-èdè kan, mu sì sọ ẹni tó ni ín, iye tí wọ́n gbé lọ àti iye tó gbọ́dọ̀ kù ní Òṣogbo. Kí àdéhùn náà wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ọdẹ àti aráàlú tó ń gbé létí igbó lè kà á kí wọ́n tó buwọ́ lù ú.