Ẹ yé sọ pé ìbò tá a bá fọwọ́ kà ò lè péye

Mo tún gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí, bàbá kan pè wọlé láti Òkè-Ìlewó l'Abẹ́òkúta níbí, wọ́n ní ìbò káńsù wa ò lè dáa láéláé àfi tá a bá gbé máṣíìnì wá tí á máa kà á, pé ọwọ́ èèyàn ló ń ba ìbò jẹ́, olóòtú náà sì ń sọ pé "òótọ́ lẹ sọ, bàbá." Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá ti ń bọ̀ báyìí ni wọ́n máa ń sọ ọ́, ní Kútọ̀ o, nínú táàsì o, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìbò ààrẹ 2023, gbogbo èèyàn tó jáde dìbò ní Nàìjíríà ò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Ibùdó ìdìbò tí INEC ní jẹ́ 176,846. Ẹ pín in kẹ́ ẹ wò ó, kò tó 150 ìwé ní ibùdó kan tá a bá pín in dọ́gba. Ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú ń ka owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lálẹ́, náírà kan ò sì ní sọnù níbẹ̀. Ìbò káńsù tá a wá ń sọ yìí ńkọ́, èrò ẹ̀ kì í tiẹ̀ tó ti ààrẹ, ìwé méjì péré ló wà níbẹ̀, ti alága àti ti káńsẹ́lọ̀.

Èmi ti ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ẹgbẹ́ òṣèlú rí níbùdó ìdìbò, lápá Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ní 2023, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Wọ́n da àpótí sórí tábìlì lójú gbogbo wa. Ọmọ kọ́pà tó jẹ́ ọ̀gá ibùdó mú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ sí wa ká lè rí òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù, ó yí ojú ẹ̀ ká lè rí ibi tí wọ́n tẹ̀ka sí, ó wá kó ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jọ lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, gbogbo èrò tó dúró yí wa ká sì ń bá a kà á, ení, èjì, ẹ̀ta. Ibì kan wà tí ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra torí íńkì orí wọn ò tíì gbẹ, ó kà á ní ẹyọ kan. Màmá kan tí ò ṣe ẹ́jẹ́ǹtì ẹnikẹ́ni ló pariwo pé "Kọ́pà, méjì lèyẹn o!" Wọ́n ya á, ó tún ti ẹgbẹ́ yẹn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó bàjẹ́, ó fi wé iye èèyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, sọ pé ó yẹ̀ wò, ó bára mu géérégé. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí, ó fọwọ́ sí i, àwa náà fọwọ́ sí i, ó fún wa ní ẹ̀dà, ó fún ọlọ́pàá. Abala 60 òfin ìdìbò 2022 ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé kọ́pà yẹn kàn ní ìwà.

Àwọn kan tiẹ̀ rò pé BVAS ló ń ka ìbò. Rárá o. Ìka àti ojú olùdìbò ló ń yẹ̀ wò, wọ́n á sì fi ya fọ́tò fọ́ọ̀mù lọ sórí IReV, ìkànnì INEC tí aráàlú ti ń wo èsì, ó parí. Ìwé ìbò ò gba inú ẹ̀ kọjá rí.

Ibo wá ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́? Ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀ ni, lẹ́yìn tí kíkà ti parí. Ìbò 2019 ní Akwa Ibom, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan tó jẹ́ alákòóso èsì yí òǹkà padà, kóòtù sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 3 ní 2021. Máṣíìnì wo ló fẹ́ bá wa tún ìyẹn ṣe?

Àwa ọmọ Ẹ̀gbá ló tiẹ̀ yẹ ká mọ èyí jù. June 12, 1993, ọwọ́ ni wọ́n fi ka ìbò MKO Abíọ́lá, ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéde ẹ̀ lójú èrò níbẹ̀. Torí ẹ̀ náà ni Babangida, nígbà tó fagi lé e lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, ò ṣe rọ́nà pa á mọ́ wa lẹ́nu pé Abíọ́lá ọmọ Gbágùrá ló wọlé, torí àwọn èèyàn ti gbọ́ òǹkà ládùúgbò wọn.

Ẹni tó bá sì ní máṣíìnì ò lè ṣì í kà, kó lọ béèrè ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 2003, ní Schaerbeek, kọ̀ǹpútà fún olùdíje kan ní ìbò 4,096 tí ẹnikẹ́ni ò dì, ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé ìbò ẹ̀ ti pọ̀ kọjá iye tó ṣeé ṣe kó ní. Ká ní ìwé 4,096 lẹnì kan fẹ́ kó wọnú àpótí n'Íbẹ̀rẹ̀kòdó, ta ni ò ní rí i? Jámánì tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹ̀rọ, kóòtù wọn tó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ ní 2009 sọ pé kọ̀ǹpútà ìdìbò tí wọ́n lò kò bófin mu, torí aráàlú ò lè fojú ara wọn rí bó ṣe ń kà á. Ìwé ni wọ́n ń dì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á dòní.

Ó dáa, Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń to ọ̀pọ̀lọpọ̀ ipò sórí ìwé kan ṣoṣo, mo gbà pé fífọwọ́ kà á níbẹ̀ le, àṣìṣe sì lè wọ̀ ọ́. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní ṣebí ẹgbẹ́ kan ló kó gbogbo káńsù 20 l'Ógùn ní ìbò káńsù tí OGSIEC, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ wa, ṣe ní November 2024. Ẹni tó wọlé kọ́ ni mò ń bá yín jà lé lórí. Tẹ́ ẹ bá rò pé wọ́n yí nǹkan, ẹ mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ gbà ní ibùdó yín, kẹ́ ẹ gbé e síwájú èyí tí wọ́n kéde ní wọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi hàn wá ibi tí òǹkà ti yàtọ̀. Ìyẹn la lè gbé lọ sí kóòtù.