Ìwé-ẹ̀rí dókítà nìkan kò tó fi darí ilé ìwòsàn

Ní 2025, iná padà dé sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tí Yunifásítì Ìbàdàn fi ń kọ́ àwọn dókítà, lẹ́yìn òkùnkùn tó lé ní 100 ọjọ́. Òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ̀hónú hàn, oníkálukú sì ti sọ tẹnu rẹ̀: gbèsè IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná ní Ìbàdàn, owó iná tó gbẹ́nu sókè, owó Àbújá tí kì í kárí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bi ìjọba tipẹ́ ṣì wà nílẹ̀: kí là ń wò lára ẹni tí a fẹ́ fa ilé ìwòsàn ńlá lé lọ́wọ́?

Òfin 1985 lórí àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì ní kí ọ̀gá àgbà wọn jẹ́ dókítà tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún 12, ó kéré tán. Òfin kan náà ní kó ti ní ìrírí tó jọjú nínú ìṣàkóso ètò ìlera. NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà, rọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́; JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Ìkejì kò ní olùgbèjà. Ta ló rí i rí kí ilé-iṣẹ́ ètò ìlera gbé àkọsílẹ̀ ìṣàkóso àwọn tó ń du ipò náà síta kí aráàlú yẹ̀ ẹ́ wò?

Lójú tiwa, JOHESU ló jàre. Dísẹ́ẹ̀lì, owó oṣù, agbaṣẹ́ṣe àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ló ń gba ọjọ́ mọ́ ọ̀gá àgbà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ní olórí tirẹ̀, CMAC, ìyẹn alága ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, dókítà sì ni. Bí apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ ìṣàkóso bá gorí àga yẹn, kò sẹ́ni tí yóò gba ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957, House Governor ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀. Nítorí ìṣàkóso ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, òkìkí ilé ìwòsàn náà sì kàn dé òkè òkun.

NMA yóò tọ́ka sí Mayo Clinic, ilé ìwòsàn olókìkí ní Amẹ́ríkà, tí dókítà ń darí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Mayo máa ń fi ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ ìṣàkóso ti dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kì í dá a dá ẹrù náà.

Ẹ̀yin ará Àbújá, ó ti tó gẹ́ẹ́! A ò fẹ́ kí lẹ́tà ìyànsípò tún já lù wá láìsí àlàyé mọ́. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún òfin 1985 ṣe, kí ìrírí ìṣàkóso ṣíwájú gbogbo ohun tí wọn yóò béèrè. Kí wọ́n tó ṣe é tán, kí mínísítà kọ iṣẹ́ tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ti ṣe síta, owó tó ti ṣàkóso rẹ̀ àti gbèsè tó fi sílẹ̀, kó tó fọwọ́ sí orúkọ ẹnikẹ́ni.